Owó ọjà là ń san, a kì í san owó ìwádìí

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí. Tíṣà ni mí, n kì í ṣe mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́jọ, mi ò lè pa á mọ́ra.

Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ tó ti dàgbà láàárín wa mọ àìsàn tí mo fẹ́ sọ. Ọkọ̀ á kú lójú ọ̀nà, gbogbo iná á lọ. Ẹ ó sọ̀kalẹ̀, ẹ ó ṣí capot, ẹ ó fi ọwọ́ gbá nǹkan kan níbẹ̀, á jí. Nígbà tí ẹ bá gbé e dé gáráàjì, ara rẹ̀ á ti yá. Mẹkáníìkì á yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á wá bojú wò yín bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an ni ara yín kò yá. Ìyàwó mi ní àbíkú ni ọkọ̀ wa.

1996 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ mi. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó kó tó gba èbúté Kútọnu wọlé, bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń gùn níbí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo rò pé eré ni. Iná á ṣẹ́jú, á padà. Ẹ́ńjìnnì á fẹ́ kú, á tún rántí ara rẹ̀. Títí di alẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń gbé ìyá mi bọ̀ láti Pobẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Onigbolo, ẹsẹ̀ ọkọ̀ bọ́ sínú kòtò kan, gbogbo nǹkan sì kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: iná iwájú, iná ẹ̀yìn, tableau de bord, ẹ́ńjìnnì. Òkùnkùn biribiri. Kámíọ́ọ̀nù tó ru símẹ́ńtì ń bọ̀ lẹ́yìn wa, kò sì sí iná kankan lẹ́yìn mi tí yóò fi mọ̀ pé ẹnì kan wà níwájú òun. Mo fi eré díẹ̀ tó kù lára ọkọ̀ darí rẹ̀ sínú koríko. Kámíọ́ọ̀nù náà kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ mi ọkọ̀ wa jìgìjìgì. Ìyá mi kò pariwo. Orúkọ bàbá mi, tó ti di olóògbé, ló ń pè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í náwó. Ẹni àkọ́kọ́ ní bátìrì ni. Mo ra tuntun, 45 000 francs. Ọ̀sẹ̀ méjì, àlàáfíà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kú lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ẹnì kejì ní alternateur ni. A wá ọ̀kan tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn, 50 000. Ọjọ́ mẹ́wàá, àlàáfíà. Ẹnì kẹta pààrọ̀ relais méjì àti ibi tí a ti ń yí kọ́kọ́rọ́, 18 000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 113 000 francs. N kò dúnàádúrà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé ohun tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ṣe é rí, ó ṣe é gbé, ó sì ń dán.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní oríta kan ní Pobẹ̀ ló tú àṣírí náà. Abẹ́ igi ló ń ṣiṣẹ́, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kò tóbi ju àpò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ fún un. Ó ní:

“Prof, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Nígbà tó bá fẹ́ kú, kí lẹ máa ń ṣe lọ́wọ́?”

Mo ní ọkọ̀ ni mò ń wà.

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ojú ọ̀nà tó dán ni, àbí ibi tó ní kòtò? Ṣé iná iwájú wà ní títàn? Bó bá kú tán, tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ṣé démarreur á yí, àbí á dákẹ́?”

Oṣù mẹ́jọ, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí. Nígbà tí mo sì ronú sí i, ìdáhùn ti wà lọ́dọ̀ mi tipẹ́. Ibi tí ọ̀nà bá ti bàjẹ́ ló ti ń kú. Alẹ́ ni ó pọ̀ jù, tàbí ọ̀sán tí oòrùn bá mú tí fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára bá ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá tan iná iwájú, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó máa ń sún sókè díẹ̀, bẹ́ẹ̀ iná kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ooru omi. Bó bá sì kú tán, démarreur á máa yí dáadáa, ṣùgbọ́n tableau de bord á ṣú.

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Iná ń jáde lọ, Prof, kò rí ọ̀nà padà wálé ni.”

Ó mú multimètre kan tí wọ́n fi téèpù dì níbi tó ti fọ́. Ó fi ẹnu rẹ̀ kan lé orí òjé bátìrì níbi tí àmì ìyọkúrò wà, kì í ṣe orí irin tó dì í mú o, orí òjé fúnra rẹ̀. Ó fi ẹnu kejì kan ara irin ọkọ̀ níbi tó ti ha ọ̀dà kúrò. Ó ní kí n tan iná iwájú. 0,1 volt. Kò sí wàhálà. Ó wá mú igi kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti àwọn wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé èyí tó gba abẹ́ bátìrì kọjá, nọ́ńbà náà fò sí 4 volts, iná iwájú sì pọ́n bí iná àtùpà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán. Ó gbé bátìrì kúrò. Rọ́bà wáyà náà dára lójú, ṣùgbọ́n nígbà tó fi ọ̀bẹ là á, bàbà inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé. Fọ́nrán bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ló kù tó di ara wọn mú.

Ohun tí à ń pè ní masse nìyẹn. Nínú ọkọ̀, wáyà tó ń gbé iná lọ sí ampoule wà, ṣùgbọ́n ara irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni iná ń gbà padà sí bátìrì. Wáyà kan tó nípọn so bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì, òmíràn tó kéré sí i so ó mọ́ ara ọkọ̀. Ti ẹ́ńjìnnì dára ní tèmi, ìdí nìyẹn tí démarreur fi ń yí. Ti ara ọkọ̀ ló ti jẹrà. Ó sì yé mi ìdí tí ọkọ̀ tó wá láti Yúróòpù fi máa ń ní àìsàn yìí: nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín má baà dì síbẹ̀. Omi iyọ̀ yẹn ń ta sí abẹ́ ọkọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń gba ẹnu wáyà wọlé, kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa tí òjò wa yóò wá parí iṣẹ́ tó kù.

Ohun tó dùn mí jù ni pé PCT ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọdọọdún ni mo ń kọ U = R × I sára pátákó, òfin tí Ohm tẹ̀ jáde ní 1827. Iná iwájú méjì, watt 55 lọ́kọ̀ọ̀kan, ń jẹ tó 9 ampères. Ẹ fi fáànù, ẹ̀rọ tó ń fa epo, àti iná yòókù kún un, ó lè tó 25. Bí fọ́nrán tó kù nínú wáyà bá wá ní ìdènà 0,2 ohm péré, ohun tí ojú kò rí, 0,2 lọ́nà 25, volt 5 ti ṣègbé lójú ọ̀nà. Nínú 12, 7 ló kù. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí yóò fara da ìyẹn. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì máa ń fi òǹkà pupa gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mo lọ ra bátìrì.

Ẹ wò ó dáadáa, ìdí tún wà tí a fi ń gbà pé bátìrì tuntun ti wo ọkọ̀ sàn. Kí wọ́n tó yọ bátìrì, wọ́n gbọ́dọ̀ tú wáyà, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún un dì. Wáyà tó ń ṣàìsàn ti sún kúrò níbi tó wà, fọ́nrán rẹ̀ ti fara kan ara wọn lọ́nà mìíràn. Yóò ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ìyìn á lọ sọ́dọ̀ bátìrì. Mẹkáníìkì kò purọ́. Òun náà rí i pé ọkọ̀ dára.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe báyìí, ó sì ń tì mí lójú. Wáyà tuntun àti irin ẹnu rẹ̀ jẹ́ 1 500 francs. Ọmọkùnrin náà ní kí n san 3 000 fún iṣẹ́ òun, nígbà tó ti lo láti aago mẹ́jọ títí di aago mọ́kànlá. Ẹ̀yin ará, mo ní 3 000 ti pọ̀ jù, ṣebí wáyà kan ṣoṣo ló pààrọ̀. Èmi tí mo san 113 000 láìjanpata! Ó ní, “Kò burú, Prof,” ó gba 1 500. Ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n, mo sì fi ipò ẹ̀gbọ́n yẹn rẹ́ ẹ jẹ.

Àwọn ènìyàn wa máa ń sọ pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ òde òní kò mọṣẹ́, pé ìpààrọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Mo fẹ́ ta kò ó díẹ̀. Àwa oníbàárà la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá gbé páálí tuntun jáde, a ó sanwó. Bó bá jókòó ti ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, tó ń wọn iná, tó ń mi wáyà, tó ń ronú, a ó ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé kò mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá wá rí àìsàn náà tó jẹ́ pé boulon kan ló tú, tó fi kọ́kọ́rọ́ dì í láàárín ìṣẹ́jú kan, a ó bínú bó bá béèrè owó. Ta ni yóò máa wádìí lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀? Ẹni tó wádìí gba 1 500, ẹni tó ta bátìrì gba èrè rẹ̀ kó tó di àárọ̀ kejì. Ebi ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́ ju ọ̀gá lọ.

Ọmọ iṣẹ́ wà níbẹ̀ tó ń wo gbogbo rẹ̀. Ohun tó bá rí tí ọ̀gá rẹ̀ ń fi jẹun ni yóò máa ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe ayẹyẹ ìdásílẹ̀ fún un. Ìdánwò CQM tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin dára, n kò bù ú kù, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kò lè borí ohun tí ọjà bá ń sanwó fún lójoojúmọ́.

Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn kan yóò fún mi. Wọ́n á ní: bí a bá ń sanwó ìwádìí, oníjìbìtì á jókòó sábẹ́ capot láti àárọ̀ dalẹ́, á ní òun ń wádìí, á gbowó wa. Òótọ́ ni, irú wọn wà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká fẹnu kò sí iye kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ká sì ní kó fi hàn wá. Ohun tó ń jẹ́ kí ìwádìí yàtọ̀ sí ìméfò ni pé ó ṣe é fi han ẹlòmíràn. Ọmọ Pobẹ̀ yẹn pè mí wá wo 4 volts náà pẹ̀lú ojú mi. Ó mi wáyà, iná lọ. Ó fi í sílẹ̀, iná padà. Nínú àwọn mẹ́ta tó ṣáájú, ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan hàn mí kí n tó sanwó. Ẹni tó bá ní alternateur ni, ẹ ní kó gbé multimètre lé bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí iná iwájú sì ń tàn. Bó bá wà láàárín 13,8 sí 14,4, alternateur yín ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lákòókò yẹn, kó wá nǹkan mìíràn wò ná. Bátìrì tó ti sinmi, tó sì kún, ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 12,6.

Àṣà kan sì wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: kí wọ́n yọ ẹnu bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán alternateur wò. Lára ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà, wọ́n lè mú un jẹ. Lára èyí tó ní, iná lè fò sókè lójijì kó jó kọ̀ǹpútà náà, ẹ ó wá ní àìsàn méjì. Ti àwọn tó ń fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fusible tó ti jó, ẹ jẹ́ kí n má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fusible jó kí ọkọ̀ má baà jó.

Ohun tí àwa tó ni ọkọ̀ lè ṣe kò sì le. Kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti fi cahier kékeré kan sínú ọkọ̀ mi: ọjọ́, aago, òjò tàbí oòrùn, ọ̀nà tó dára tàbí èyí tó bàjẹ́, ohun tó wà ní títàn, ohun tó kú àti ohun tí kò kú. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí ohun tí kò kú ló ń sọ ibi tí a kò ní wá a dé. Ọkọ̀ tó ń kú nígbà tó bá gbóná, tó ń jí nígbà tó bá tutù bí ìdajì wákàtí, yàtọ̀ sí èyí tó ń kú nínú kòtò. Ti àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n wo capteur tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, tàbí relais tí òjé inú rẹ̀ ti là. Èyí tó ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láàárọ̀ tí òjò bá rọ̀, ẹ ní kí wọ́n wo àwọn wáyà tó ń gbé iná lọ sí bougie. Ní alẹ́, tí ẹ bá ṣí capot nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ lè rí i tí iná ń ta pàrà lára wọn. Ẹ fi ojú wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì tí iná mìíràn sì ń tàn fírífírí lẹ́yìn, masse iná ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Iná ẹ̀yìn tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí ibi ẹrù tí ẹ sì tì í, wáyà tó ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn ní ìdè ilẹ̀kùn yẹn ti já nínú rọ́bà rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ampoule kékeré tí wọ́n fi ń dán wáyà wò tàn yín. Pákó kan ṣoṣo lórí odò tó fún zem láti kọjá. Kò túmọ̀ sí pé kámíọ́ọ̀nù lè gba ibẹ̀. Fọ́nrán kan tó kù nínú wáyà yóò tan ampoule kékeré dáadáa, gbogbo ènìyàn á ní wáyà dára. Nígbà tí iná ńlá bá ń kọjá níbẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Ní ti ọmọ Pobẹ̀, mo padà lọ bá a lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo gbé 1 500 tó kù fún un. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ti tán. Mo ní kò tán. Ó gbà á nígbẹ̀yìn, ó sì ní kí n jẹ́ kí òun wo masse ẹ́ńjìnnì náà kí n tó lọ, bóyá ó ti ń bọ̀ lọ́nà kan náà. Nígbà yẹn, èmi fúnra mi ni mo yí kọ́kọ́rọ́ tí ó ń ka nọ́ńbà: 0,3, ó ní a lè fi sílẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ọkọ̀ náà ti la òjò kan àti ọyẹ́ kan kọjá báyìí, kò kú lójú ọ̀nà mọ́. Wíńdò ẹ̀yìn lápá òsì ló kù, kì í lọ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn. Mo ti kọ ọ́ sí cahier lẹ́ẹ̀mẹ́rin, àárọ̀ tí ìrì sẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a fi àdéhùn sí: 5 000 francs fún ìwádìí, ohun yòówù kó bá níbẹ̀.